Ìbọn Afẹ́fẹ́ Méjì, Àparò Kan

Ìbọn méjì ló wọ ilé wa lọ́dún náà, ọ̀kan ṣoṣo sì ni wọ́n ní ká mú. Mo ti darúgbó báyìí. Mo ti bímọ, mo ti sìnkú, mo ti yan oríṣiríṣi nǹkan láyé mi, láti orí aṣọ títí dé orí ọkọ, n kò sì rí yíyàn tó dàrú mọ́ mi lójú tó ti ìbọn méjì yẹn. Bí mo bá rò pé mo ti rí orí ọ̀rọ̀ náà mú, ìrù rẹ̀ á tún yọ níbòmíràn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rántí rẹ̀. Bí ó bá yé yín, ẹ wá ṣàlàyé fún èmi náà.

Àdúgbò Bẹ́yẹrúnkà ni agbo ilé wa wà. Ohun tó ń jí mi láàárọ̀ kì í ṣe àkùkọ, òòlù bàbá mi ni. Oníṣẹ́ awọ ni bàbá mi. Ó ń ṣe gàárì ẹṣin, ó ń ṣe bàtà, ó ń rán àpò tí àwọn àáfà ń kó kùránì sí. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa fi òòlù igi lu awọ, kò, kò, kò, àwọn ìyàwó ilé á máa da omi sínú àmù, ìyá mi á máa gbálẹ̀. Òórùn awọ tútù gba gbogbo ilé. Àlejò a máa fi ọwọ́ bo imú, àwa kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń rùn. Ẹnu ọ̀nà ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, máa ń jókòó sí pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀. Láàárín ìlẹ̀kẹ̀ kan àti èkejì ló ti ń bá gbogbo ilé wí. "Subuhánálláì. Ta ló da omi ìfọṣọ síbí? Subuhánálláì. Ìwọ Àbẹ̀kẹ́, ṣé ẹsẹ̀ lo fi ń gbálẹ̀ ni? Subuhánálláì." Èmi ni Àbẹ̀kẹ́ yẹn. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, èmi ni mo sì ń sùn ti Ìyá Àgbà lórí ẹní, tí mò ń fọ aṣọ rẹ̀, tí mò ń bu omi àlùwàlá fún un.

Ní ìparí òjò ọdún náà, ibà dá Ìyá Àgbà wó. Nígbà tí ibà yóò fi lọ, ó gbé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ. Wọ́n ro ọkà fún un, ó kọ̀. Wọ́n po ẹ̀kọ gbígbóná, ó fi ètè kàn án, ó gbé e kalẹ̀. Wọ́n pa adìẹ, ó ní kí wọ́n gbé e kúrò níwájú òun. Bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ títí, á ní, "Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ," ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Bí mo bá fara tì í, egungun ni mò ń bá pàdé. Ẹ̀rù bà mí. Bàbá mi náà bẹ̀rù, nítorí òòlù rẹ̀ kì í dún dáadáa mọ́, á lu awọ lẹ́ẹ̀mejì, á dákẹ́, á wo ẹnu ọ̀nà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan Ìyá Àgbà ṣàdédé sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Ó ní, "Bí mo bá rí àparò, ọ̀fun mi á ṣí." Ìyá mi sáré ní òun á lọ rà á lọ́jà. "Àparò ọjà?" ni Ìyá Àgbà wí. "Ta ló mọ ẹni tó pa á? Ta ló mọ bí ó ṣe kú?" Ó ní bí ọ̀bẹ kò bá bá ẹran láàyè, òkúǹbete ni, òun kò sì ní fi òkúǹbete pàdé Ọlọ́run òun. Bàbá mi dẹ pàkúté, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀, ẹyẹ á ti kú tàbí kí ẹranko mìíràn ti jẹ ẹ́.

Bàbá mi ti ṣe ọdẹ rí. Kí wọ́n tó bí mi ni ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní igbó. Ó gé ìka rẹ̀ kan lọ, ó sì ti bàbá mi ṣubú sínú kòtò, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, kò sì padà bọ̀ sípò. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà ti mú un búra pé ẹ̀tù ìbọn kò ní wọ ilé yìí mọ́ láé. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò ìyá mi, Bùọ̀dá Jósẹ́fù, gbọ́ ọ̀rọ̀ àparò, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé òun ló dá àparò. Ọmọ ìjọ ni Bùọ̀dá Jósẹ́fù, ó kàwé, ó ń ṣe akọ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó kan lẹ́bàá ojú irin, ó sì máa ń da èdè òyìnbó pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló dé pẹ̀lú ẹrù gígùn kan tó fi àpò wé. Ó tú u. Ìbọn méjì ni.

"Àna mi," ó wí fún bàbá mi, "ìbọn yìí kì í jẹ ẹ̀tù. Afẹ́fẹ́ ló ń jẹ. Òyìnbó wa ń lọ sílé, ó fi méjèèjì ta mí lọ́rẹ. Ẹ lò wọ́n wò fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ mú èyí tó bá wù yín, èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ ni tèmi. Fàín!"

Gbogbo agbo ilé ló tú jáde. Bàbá mi gbé ọ̀kan, ó ṣẹ́ ẹ níbi ìdí ẹnu rẹ̀ bí ẹni ṣẹ́ ìrèké, nǹkan dún nínú rẹ̀, ká! Ó ki ọta kan bọ̀ ọ́, ó dá a padà, ó yìn ín sí ara ògiri. Pọ́! Kò sí èéfín, kò sí ariwo. Ìyá Àgbà wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Èyí tó dún bí ìgbà tí ènìyàn fọwọ́ lu ẹnu yìí, ṣé yóò pa nǹkan?" Méjèèjì jọra bí ìbejì, àfi ẹnu wọn. Ẹnu ọ̀kan tín-ín-rín, ọta òjé rẹ̀ kò ju ẹyọ ọkà bàbà lọ. Ẹnu èkejì fẹ̀ díẹ̀, ọta tirẹ̀ tó ẹyọ ẹ̀wà kékeré. Bùọ̀dá Jósẹ́fù ní ọta ẹlẹ́nu tín-ín-rín máa ń yára, ó sì máa ń lọ tààrà. Ó ní ti ẹlẹ́nu fífẹ̀ máa ń lọ́ra díẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó bá bà, ó bà á nìyẹn. Ó wá ka nọ́ńbà tí òyìnbó kọ sí ara agolo ọta wọn. Ó ní mẹ́tàdínlọ́gọ́sàn-án ni ti ẹlẹ́nu tín-ín-rín, méjìlélógún sì ni ti ẹlẹ́nu fífẹ̀. Bàbá mi gbé agolo kan sí ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé èkejì sí ọwọ́ òsì. "Jósẹ́fù," ó ní, "báwo ni mẹ́tàdínlọ́gọ́sàn-án ṣe wá kéré ju méjìlélógún lọ?" Bùọ̀dá Jósẹ́fù họrí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni òyìnbó ṣe kà á. Ó ní, "Àna mi, gbogbo àparò ló ga bára wọn, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Ẹ ṣáà mú ọ̀kan." Ibẹ̀ gan-an ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì parí lọ́wọ́ mi.

Ẹ má wo Mọ́lété òní o. Nígbà tí mò ń wí yìí, bí o bá ti kọjá àwọn ilé díẹ̀, oko àti igbó ló kù. Ibẹ̀ ni bàbá mi mú mi lọ dọdẹ àparò, torí pé orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè sáré, ẹsẹ̀ tèmi sì yá. Iṣẹ́ tó fún mi kò le. Bí ẹyẹ bá bọ́, kí n sáré lọ gbé e, kí n sì pariwo bóyá ó ń mí tàbí kò mí, kí òun náà máa tiro bọ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ. Mo ní kó kúkú fún èmi ní ọ̀bẹ. Ó ní obìnrin kì í dú ẹran. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé kò sí ibi tí kéwú ti wí bẹ́ẹ̀, àṣà ilé wa lásán ni. Bí wọ́n bá fún mi ní ọ̀bẹ lọ́dún náà, bóyá n kò ní ní ìtàn kankan láti sọ fún yín.

Ẹlẹ́nu tín-ín-rín la kọ́kọ́ mú lọ. Bàbá mi rí àparò kan lórí ebè ẹ̀pà, ó ní Bísímíláì, ó yìn ín. Ìyẹ́ fò, ẹyẹ náà ta sókè, ó sì fò wọ inú igbó lọ pẹ̀lú ọta òjé nínú ara rẹ̀. Mo wá a títí oòrùn fi kan àtàrí, ẹ̀gún ya mí lẹ́sẹ̀, n kò rí i. Bí a ṣe ń bọ̀ ni ó ta àdàbà kan, ìyẹn bọ́ láàyè, bàbá mi sì dú u. Ìyá mi fi ata àti ẹfinrin sè é. Ìyá Àgbà wo àwo náà, ó ní àdàbà kì í ṣe àparò. Ní ọjọ́ kejì a mú ẹlẹ́nu fífẹ̀ lọ. Kò sí ohun tó ta tí kò bọ́ síbi tó wà. Ó ta àparò kan, ó ta ọ̀kẹ́rẹ́ kan, kí n tó dé ìdí wọn, wọ́n ti kú fin-ín-fin-ín. Mo pariwo pé kò mí. Bàbá mi dúró sí àárín ebè, ó ń wo ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀. Bùọ̀dá Jósẹ́fù la gbé méjèèjì fún. Ó gbà wọ́n tayọ̀tayọ̀, ó ní ẹran tó kú ti kú náà ni. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń bọ́ yó.

Ẹ rí i bí ó ṣe rí. Ìbọn tó ń dá ẹ̀mí sí fún ọ̀bẹ kò lè dá àparò dúró. Ìbọn tó ń dá àparò dúró kì í dá ẹ̀mí sí. Bàbá mi wá lọ sí Àrẹ̀mọ lọ bi àáfà kan léèrè. Ìyẹn ní bó bá ti ní Bísímíláì kó tó yìn ín, ẹran ọdẹ ni, bí ọfà ló rí, kí wọ́n jẹ ẹ́. Ara bàbá mi yá gágá. Bí ó ṣe ń bọ̀ wálé, ó yà ní Pópó Yemọja kí àáfà mìíràn lè bá a fọwọ́ sí i. Ìyẹn ní, "Ọfà ń gún, òkò ń lù. Kò sẹ́nu ṣóńṣó lára ọta yẹn, òkò ni. Ẹran tí òkò bá pa, òkúǹbete ni." Bàbá mi délé, ó jókòó, kò mú òòlù. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá mi pé ká ní òun kò yà ní Pópó Yemọja ni. Ìyá Àgbà kò tilẹ̀ jẹ́ kó ṣàlàyé tán. "Ẹ̀yin àti àwọn àáfà, ẹ máa bá ara yín jiyàn," ó ní. "Èmi, ọ̀bẹ ni mo mọ̀." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ púpọ̀. Láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, omi ẹ̀kọ nìkan ló ń gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Àwọn àgbà ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí mo bá sì dé àárín wọn, wọ́n á dákẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, tó kù ọ̀la kí Bùọ̀dá Jósẹ́fù dé, a tún lọ. Ẹlẹ́nu fífẹ̀ ni bàbá mi gbé. Nígbà tí a dé ìdí ebè, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, lónìí, sáré." Bí ẹni pé mi ò sáré láwọn ọjọ́ yòókù! Àparò kan yọ, ó sanra, ó ń tan ilẹ̀. Bísímíláì. Pọ́! Ó bọ́. Mo sáré débi pé mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan, mo dìde, mo gbé e. Ara rẹ̀ gbóná. Ojú rẹ̀ ṣí. Ọrùn rẹ̀ rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan kan ń lù kì, kì, kì láàárín ọwọ́ mi. Ẹ gbọ́, mo ti ro kì-kì-kì yẹn láti ìgbà náà títí di òní. Eré àsápajúdé ni mo sá. Ọkàn mi ń lù ní etí mi, ó ń lù ní ọ̀fun mi, ó ń lù ní ìka ọwọ́ mi. Ṣé ọkàn ẹyẹ ni, àbí tèmi? Mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ọwọ́ mi náà ń gbọ̀n. Bàbá mi ké láti ọ̀nà jíjìn, "Ó ń mí bí?" Mo rí egungun ẹ̀yìn Ìyá Àgbà lójú ọkàn mi. Mo ní, "Ó ń mí!"

Ó tiro dé, ó mí hẹlẹhẹlẹ, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó dáa, ó dú u. Ẹ̀jẹ̀ jáde, n kò ní purọ́ pé kò jáde, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ló jáde, kò tú jáde bíi ti àdàbà ọjọ́ kìíní. Bàbá mi wo ẹ̀jẹ̀ náà pẹ́. Ó já ewé, ó nu ọ̀bẹ. Ó tún já òmíràn, ó tún nù ún, ọ̀bẹ náà sì ti mọ́ láti ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Ó mí, àbí?" Mo ní, "Ó mí, Bàbá." Kò wo ojú mi. Ó gbé ẹyẹ náà sínú àpò, a sì lọ sílé.

Ìyá mi sè é, òórùn rẹ̀ bo òórùn awọ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n gbé àwo síwájú Ìyá Àgbà, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kí wọ́n pe èmi wá. Gbogbo ilé ló dúró. "Ìwọ lo kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀?" Mo ní, "Èmi ni, Ìyá." Ó ní, "Ó mí?" Mo wo bàbá mi, bàbá mi ń wo ilẹ̀. Mo ní, "Ó mí." Ó ní Bísímíláì, ó sì jẹun. Ó fa egungun, ó mu omi ọbẹ̀, ó fi ìka nu àwo. Ìyá mi sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ sunkún ayọ̀. Wọ́n ní kí èmi náà wá jẹ díẹ̀, mo ní inú ń run mí. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí Bùọ̀dá Jósẹ́fù dé, bàbá mi nawọ́ ẹlẹ́nu tín-ín-rín sí i. Ó ní, "Mú èyí. Àbẹ̀kẹ́ ti bá wa yàn." Ó fọwọ́ pa mí lórí. Ọmọ mìíràn ì bá yọ̀.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe di iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ la ń lọ, ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo ń pariwo pé ó ń mí. Nígbà mìíràn ó ń mí lóòótọ́, ó ń fi apá gbá mi lójú. Nígbà mìíràn, kì-kì-kì náà ni. Ó pẹ́ díẹ̀, n kò mọ èwo ni èwo mọ́. Ohùn mi ti mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ìyá Àgbà ń lágbára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó, ó padà sí ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa láàárín ìlẹ̀kẹ̀ méjì, gbogbo ilé sì ń yọ̀ pé wọ́n ń bú wọn. Èmi nìkan ni n kò lè yọ̀ yanjú. Bí olùkọ́ wa nílé kéwú bá ti mẹ́nu kan èèwọ̀, mo máa ń rò pé èmi ló ń wò. Wọ́n sì máa ń sọ nílé wa pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Mò ń ka ọjọ́. Ṣùgbọ́n ṣé irọ́ ni? Irọ́ ni kí ènìyàn mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, kó sì wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi kò mọ̀. Bí mo bá sì jẹ́wọ́, tí Ìyá Àgbà bá tún sọ pé òun ò jẹun mọ́, ta ló pa á? Bí n kò bá jẹ́wọ́, tí ó bá dé iwájú Ọlọ́run rẹ̀ pẹ̀lú òkúǹbete nínú, ta ló kó o bá a?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwa méjèèjì nìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi ń lu awọ lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń dún dáadáa. Ìyá Àgbà ń jẹ àparò tí a gbé dé láàárọ̀. Ẹnu mi là, n kò mọ ìgbà tó là.

"Ìyá," mo ní, "àparò ọjọ́ kìíní yẹn. N ò mọ̀ bóyá ó mí."

Ó ń jẹ lọ. Mo rò pé kò gbọ́.

"Ìyá, àparò yẹn..."

"Ta ló bi ọ́?" ó ní.

"Ẹ̀yin lẹ bi mí, Ìyá. Lọ́jọ́ náà."

"Lọ́jọ́ náà ni mo bi ọ́, lọ́jọ́ náà lo sì dá mi lóhùn. Ṣé mo tún bi ọ́ lónìí?"

"Ẹ ò bi mí."

"Mo gbọ́ ohun tí o wí." Ó wo ojú mi. Ojú rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀, n kò lè sọ bí ó ṣe rí. Ó ya itan àparò náà, èyí tó sanra jù, tó máa ń fi sílẹ̀ jẹ kẹ́yìn. Òòlù bàbá mi dákẹ́ lọ́dẹ̀dẹ̀. "Ya ẹnu," ó ní.

"Ìyá, inú ń run mí."

"Inú ti ń run ọ́ láti ìgbà wo? Ya ẹnu, Àbẹ̀kẹ́. Èmi nìkan kọ́ ni yóò jẹ ẹ́."

Mo ya ẹnu, ó fi ẹran náà sí i. Òòlù tún bẹ̀rẹ̀, kò, kò, kò. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú omijé lójú, mo sì ń retí kí ó korò. Kò korò. Ó dùn, ó dùn ju ohunkóhun tí mo ti fi ẹnu kàn rí lọ, mo sì fa egungun rẹ̀ títí kò fi sí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́.